Ilẹ̀kùn Tí Kòṣeéṣí Tì Mọ́ Ọmọ Rẹ̀

"Ọmọ tí yóò fi géèmù yọ mí lẹ́nu, wọn ò tíì bí i! Bí wọ́n bá sì ti bí i, kí ó padà sínú ìyá rẹ̀ lọ tún èrò ara rẹ̀ pa!"

Ọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ yìí kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Orí ìdúró ló wà, láàárín ìpàdé àwọn òbí nílé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó ń fi èkejì na afẹ́fẹ́ bí ẹni tí ń lé eṣinṣin. Iṣẹ́ àgádágodo ni iṣẹ́ rẹ̀. A máa gé kọ́kọ́rọ́, a máa de àgádágodo mọ́ ilẹ̀kùn, a sì máa ṣí èyí tí ó bá há. Kòṣeéṣí ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé ohun tí ó bá tì, kò ṣeé ṣí. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òbí kan ní ọmọ òun kì í jẹun mọ́, géèmù ló ń jẹ. Òmíràn ní tòun a máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í kí ènìyàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wá béèrè pé wákàtí mélòó ló yẹ kí òbí fún ọmọ lójúmọ́. Ẹnì kan ní méjì. Ẹnì kan ní ọ̀kan. Ìyá kan ní kó jẹ́ Sátidé nìkan.

"Òdo!" ni Kòṣeéṣí ké. "Òdo ni mo fún tèmi! Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo nìyẹn o. Kọ̀ǹpútà wà nílé wa, ó sì mọ̀ pé bí òun bá fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo dúró ti òun, ilẹ̀ á mì. Yàrá kan ni mo gbé e sí. Mo fi irin sójú fèrèsé. Mo fi irin bo ilẹ̀kùn. Mo de àgádágodo kan mọ́ ọn, bí ẹ bá ti fa ilẹ̀kùn náà pa báyìí, ó ti ti ara rẹ̀ nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ rèé lọ́rùn mi, kò sí èkejì rẹ̀ láyé. Ìyá rẹ̀ gan-an ò ní! Àánú ti pọ̀ jù lójú ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ̀yin lẹ bí wọn ni, àbí àwọn ló bí yín?"

Ìpàdé pàtẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ti ń béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Káfíńtà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kọjú sí ti Kòṣeéṣí. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Onígbàgbọ́ ni káfíńtà yìí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó nawọ́ sókè.

"Kòṣeéṣí, ọ̀rẹ́ mi, o ṣeun. Ìwọ ńkọ́? Wákàtí mélòó lo fún ara rẹ?"

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

"Mo kàn béèrè ni o."

"Lọ béèrè lọ́wọ́ pákó rẹ!"

Ẹ̀rín sọ, àga ń mì. Kòṣeéṣí jókòó bí ọba tí ó ṣẹ́gun. Ìdí rẹ̀ kò tíì kan àga dáadáa tí ó fi yọ fóònù lápò, ó tẹrí ba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́.

Òǹkàwé, wá gbọ́ àṣírí.

Ọkùnrin tí ó fún ọmọ rẹ̀ ní òdo yìí, kò fún ara rẹ̀ ní òpin. Géèmù kan wà nínú fóònù rẹ̀: bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ oríṣiríṣi ni. Bí mẹ́ta bá bára mu, wọn á bẹ́, pọ̀! pọ̀! pọ̀! Ìyókù á já sílẹ̀, òun náà á tún tò wọ́n. Ẹ̀mí márùn-ún ni géèmù náà ń fún ẹni tí ń ta á. Bí wọ́n bá tán, olúwa rẹ̀ á dúró, á máa wo ojú fóònù bí ẹni tí ń retí ọkọ̀, títí yóò fi fún un ní òmíràn.

Bí oníbàárà bá dé ṣọ́ọ̀bù, Kòṣeéṣí á ní, "Ẹ dúró díẹ̀, mo ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́." Bọ́ọ̀lù ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń jẹun, fóònù á fẹ̀yìn ti ife omi. Bí ó bá wọ ilé ìyàgbẹ́, àwọn ará ilé á kọ́kọ́ lọ ṣe ohun mìíràn ná.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí ìyàwó rẹ̀ fà á dé ilé ìjọsìn, ó jókòó sẹ́yìn òpó, ó pa ohùn fóònù mọ́, ó ń bá eré lọ. Oníwàásù ń sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù tí Kòṣeéṣí ń wá láti ìjẹta já bọ́ sójú àyè. Ó fò sókè, "Yéè! Mo ti gbà á o!" Gbogbo ìjọ hó yè, "Halelúyà!" Oníwàásù sunkún ayọ̀. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tí ó gbà.

Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí pé kò sí àlàfo tí kò lè gbà kọjá. Ọmọ tí ó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni. Nígbà kan ó gbé àwòrán wá bá bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo ohun tí mo yà."

"Hẹ̀n-ẹ́n, ó dáa," ni bàbá wí, kò gbójú sókè.

Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó yí ìwé náà padà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan sí i. "Èyí náà ńkọ́?"

"Ó rẹwà gan-an. Máa tẹ̀síwájú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ká ìwé rẹ̀, ó lọ.

Aránṣọ ni ìyàwó Kòṣeéṣí, ẹ̀yìnkùlé ló ti ń ránṣọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń de àgádágodo yẹn mọ́ ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà, ó dúró tì í.

"Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé kọ́kọ́rọ́ kan kì í gbé ilé. Ẹ gé méjì."

"Kí n gé méjì kí o lè máa jí i fún un?"

"Ẹ kò tún fi nǹkan tí wọ́n fi ń ṣí i sí inú. Bí ènìyàn bá há síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ há síbẹ̀? Iwin?"

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò sí oníbàárà tí Kòṣeéṣí lè de irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ fún kí ó má kìlọ̀ fún un. Ilé ara rẹ̀ ló ti gbójú fo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn ọmọ ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, Kòṣeéṣí yà sílé láti mú àpò irin wẹ́wẹ́ tí ó kó sí yàrá náà. Ọwọ́ kan ń ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ kejì di fóònù mú. Eré ti wọ̀ ọ́ lára. Bọ́ọ̀lù díẹ̀ ló kù kí ó gba ipò tí kò tíì gbà rí. Ó wọlé, ó fi ẹsẹ̀ wá àpò náà, ó fi ìka mẹ́ta gbé e, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ fóònù.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó rí ilẹ̀kùn tí ó ṣí. Ó rí ojú bàbá rẹ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ó gba abẹ́ ìgúnpá bàbá kọjá, wẹ́rẹ́, ó wọlé. Bí bàbá bá gbójú sókè ni, ì bá rí i. Bí ó bá tilẹ̀ mí sí apá òsì ni, ì bá fi imú fẹ́ ẹ nírun.

Kò gbójú sókè. Ó jáde, ó fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.

Kàrá! Àgádágodo ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Kòṣeéṣí padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù bí ọkọ ìyàwó.

Ní yàrá, inú ọmọ kọ́kọ́ dùn. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ń fi géèmù kan kọ́ ilé. Kò mọ̀ pé wáyà iná tí ó wà lábẹ́ tábìlì ti gbó, kò sì mọ̀ pé àpò àjákù aṣọ tí ìyá rẹ̀ ti tọ́jú síbẹ̀ kí wọ́n tó fi irin bo ilẹ̀kùn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wáyà gbóná. Aṣọ ń jó láìyọ ahọ́n iná. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí dìde, díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí olè tí ó mọ ilé.

Ìyá ń ránṣọ. Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ dí i létí. Ó gbóòórùn, ó rò pé áyọ́ọ̀nù ló ń jó aṣọ oníbàárà, ó fò dìde. Áyọ́ọ̀nù tutù. Ìgbà náà ló tó gbọ́ ọwọ́ ọmọ lára irin: gbà, gbà, gbà.

Ó sáré wọlé. Ó pa iná mànàmáná gbogbo ilé. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó fà á, ó tì í. Ṣé ilẹ̀kùn Kòṣeéṣí ló fẹ́ fà? Ó yọ fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ìyàwó yọ sórí àwọn bọ́ọ̀lù. Kòṣeéṣí pòṣé. Bọ́ọ̀lù kan péré ló kù. Ó pa ìpè náà.

Ó tún yọ. Ó tún pa á.

Ó tún yọ. "Kí ló dé tí obìnrin yìí ò ní jẹ́ kí ènìyàn mí?" Ó pa á, ó sì pa ohùn fóònù náà mọ́ ọn.

Bọ́ọ̀lù ìkẹyìn já. Pọ̀! Ìràwọ̀ bẹ́ kún ojú fóònù. Kòṣeéṣí na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó lórí àga.

Ibi tí ó ti ń jó ni káfíńtà ti ya wọlé, ayùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó Kòṣeéṣí ti pe òun náà.

"Kọ́kọ́rọ́! Ọ̀kẹ́rẹ́ wà nínú yàrá kọ̀ǹpútà, iná ń jó níbẹ̀!"

"Irọ́ ni. Mo tì í. Èmi fúnra mi ló tì í."

"Ìdí tí a fi ń wá ọ nìyẹn! Sáré!"

Ijó gbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó sáré. Bàtà kan bọ́, kò padà. Ó kọlu ọlọ́mọge kan tí ó ru ẹrù, kò tọrọ gáfárà. Òpópónà tí ó ń fi àlàáfíà rìn lójoojúmọ́ gùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé wọ́n fà á.  Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí lórí rẹ̀: kò sí nǹkan tí wọ́n fi ń ṣí i nínú. Kò sí nǹkan tí wọ́n fi ń ṣí i nínú.

Nígbà tí ó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù dí i, ó tún ń tú u, nítorí kò mọ̀ bóyá kí òun dí i ni tàbí kí òun ṣí i.

Ohùn kan ti inú wá, pẹ̀lú ikọ́.

"Bàbá? Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbọ́n! Mi ò ní fọwọ́ kàn án mọ́! Ìyà yẹn ti tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i!"

Ọmọ náà rò pé bàbá òun mọ̀. Ó rò pé bàbá òun ló dúró síta tí ó ń fi èéfín nà òun.

 Kòṣeéṣí já kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó tì í bọ ihò. Ọwọ́ tí ó ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò láti ìgbà èwe wá, ọwọ́ náà gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó yí i sí ibi tí kì í yí sí. Ó fi agbára kún un.

Kéré!

Ìdajì kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdajì kejì wà nínú àgádágodo. Ó ń wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó tu eyín ara rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti dá sí i."

"Kí ló dá sí kí ni?"

Nínú yàrá, ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún wúkọ́, kò le tó ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kò wúkọ́ mọ́.

Ariwo ọmọ a máa bí òbí nínú. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń dẹ́rù ba ni láyé yìí bí ọmọ tí ó dákẹ́. Kòṣeéṣí fi orí lu irin. Ó fi èékánná họ ọ́. Ọkùnrin tí ohun tí ó bá tì kò ṣeé ṣí, ó ń họ ilẹ̀kùn bí ajá. Ó sì ké orúkọ kan tí kò pè láti ọkàn wá rí. "Ọlọ́run! Ọlọ́run o!"

"Kúrò níbẹ̀!" Káfíńtà ti dé, ó gbé àáké àti ọ̀pá irin kan lọ́wọ́. "Fi àgádágodo sílẹ̀! Ògiri ni ká bá jà!"

Ó ki ọ̀pá irin náà bọ ẹ̀gbẹ́ férémù, ibi tí igi ti pàdé ògiri. Ó ń là á, ó ń pe Jésù, ó tún ń là á. Sìmẹ́ǹtì ń fò. Kòṣeéṣí fi èjìká tì í. Ìyàwó fi èjìká tì í. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ilẹ̀kùn, férémù, irin, ya kúrò lára ògiri, ó sì ṣubú gbì.

Bẹ́ẹ̀ ni àgádágodo kò ṣí. Ó nà gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀, ó tì pa. Bí ẹ bá ń wá ojúlówó àgádágodo, òun nìyẹn.

Abẹ́ fèrèsé ni wọ́n ti bá Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ti imú bọ àárín irin tí bàbá rẹ̀ fi sójú rẹ̀. Orí rẹ̀ fì sẹ́yìn nígbà tí wọ́n gbé e. Ọkọ̀ aládùúgbò kan ló gbé wọn dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ, wọ́n ní kí ìyá wọlé, wọ́n ní kí bàbá dúró síta. Ilẹ̀kùn kan tún padé lójú Kòṣeéṣí. Ilẹ̀kùn lásán tí kò lágbára ni, ṣùgbọ́n kò lè gbà á kọjá.

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú bàtà kan. Káfíńtà jókòó tì í. Ibẹ̀ kún fún aláìsàn, kò sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ó fa fóònù yọ láti pe àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì da ohùn fóònù padà. Kò tíì tẹ nọ́ńbà kan tí fóònù fi kọrin, orin ayọ̀ gbẹ̀dẹ̀. Ohùn dídùn kan jáde níbẹ̀: "O kú oríire! Ẹ̀mí rẹ ti pé márùn-ún padà! Ó yá, wá ṣeré!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé lẹ́sẹ̀ na ọrùn.

"Níbo lẹ ti ra ẹ̀mí márùn-ún, ọmọ mi? Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fún èmi."

Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.  Ó dojú bolẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde.

"Ó pè mí. Ìyàwó mi pè mí. Mo rí orúkọ rẹ̀. Mo pa á."

Káfíńtà mú fóònù náà nílẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì.

"Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo ń ta géèmù. Nígbà tí o wọlé tí mo ń jó yẹn, géèmù ni mo jẹ."  Ojú rẹ̀ là sí ohun kan tí kò tíì rò. "Gìgísẹ̀ mi. Mo fi gìgísẹ̀ fa ilẹ̀kùn yẹn, mi ò wẹ̀yìn. Èmi ni mo ti ọmọ mi mọ́lé."

Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù iná mọ́. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ni.

"Bí Ọlọ́run bá lè dá ọmọ yìí sí," ni ó wí, "màá máa lọ sílé ìjọsìn. Màá ṣe géètì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Màá de gbogbo ilẹ̀kùn…"

"Dákẹ́. Ìwọ àti Ọlọ́run kò sí lọ́jà. Bí ọmọ yìí bá yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Bí kò bá yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Ọmọ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìwọ ńkọ́, ọwọ́ ta lo wà?"

"Mo rò pé mo dáa ni. Mi ò mutí. Mi ò jalè. Mi ò ní àlè."

"Ohun tí o kò lè gbé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ ń kú, kí ni kí a máa pè é?"

Kòṣeéṣí wo fóònù náà lórí bẹ́ǹṣì.  "Ọ̀gá mi ni," ni ó wí.

"O ti kọ òfin fún ọmọ rẹ, o kò sì lè pa á mọ́. Ọ̀ràn gbogbo wa nìyẹn. Àwa la ti ara wa mọ́lé, àwa la dá kọ́kọ́rọ́ sí i. Ẹni tí ó wà nínú èéfín kò lè ṣí i. Ìta ni olùgbàlà ti ní láti wá. Jésù kò dúró síta kí ó máa bá wa wí. Ó wọ inú èéfín wá bá wa, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀ lórí àgbélébùú kí a lè jáde. Ṣé wàá jẹ́ kí ó gbé ọ?"

Oníṣẹ́ àgádágodo ni Kòṣeéṣí. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ilẹ̀kùn tí ó tì fún un. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń wò ó.

"Jésù Olúwa, mo ti tì. Mi ò lè ṣí ara mi. Mi ò bá yín ná ọjà mọ́. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ gbà mí."

 Ẹ̀rù kò tíì lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì yọ, ó fajú ro. "Ta ni bàbá ọmọ tí èéfín mú?"

Kòṣeéṣí nawọ́ sókè lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ wọlé. Ẹ wẹ ọwọ́ yín ná. Ó ń béèrè yín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ibùsùn, rọ́bà afẹ́fẹ́ wà nímú rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ kan mú.

"Bàbá," ni ohùn kékeré kan wí, "ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ju àáké lọ. Kòṣeéṣí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pa mọ́: gìgísẹ̀, ìpè tí ó pa, bọ́ọ̀lù, ijó. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́. Ó sì tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ọmọ gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí. "Ẹ̀yin náà ń ṣe géèmù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Èwo?"

Nígbà tí ìpàdé òbí tún pé, àwọn ènìyàn retí Kòṣeéṣí pẹ̀lú owó àgádágodo lọ́wọ́. Ó dìde. Kò di bẹ́líìtì mú.

"Mo wá kó ọ̀rọ̀ mi ni o. Àgádágodo yẹn, mi ò de é fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ bi mí ní wákàtí mélòó. Nílé wa báyìí, ọmọ á ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tán, á ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, á wá ṣe géèmù díẹ̀ ní pálọ̀, níbi tí gbogbo wa ń gbà kọjá. Bí àkókò bá tó, a ó pa á, bí ó bá sunkún, kó sunkún. Mi ò ní kí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò bímọ, kò lè bá yín tọ́mọ. Ṣùgbọ́n òfin tí ó bá de Ọ̀kẹ́rẹ́, ó de èmi náà. Bí ó bá pa tirẹ̀, màá pa tèmi. Kò rọrùn o. Ọwọ́ mi ṣì ń lọ sápò fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó ń wo àtàrí bàbá rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí pé bàbá tẹrí ba sí fóònù, kí ni ẹ fẹ́ kí ó kọ́?"

Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́. Fóònù ń wọ àpò padà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ káàkiri gbọ̀ngàn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín Kòṣeéṣí kí o sì kọjá lọ. Tìrẹ lè má jẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó lè jẹ́ iṣẹ́, ó lè jẹ́ ìbínú, ó lè jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin tí kì í ṣe tìrẹ, ó lè jẹ́ òdodo ara rẹ tí o fi ń gún àwọn ẹlòmíràn lójú. Ohun tí o kò lè gbé sílẹ̀, òun ni ó gbé ọ. O ti ṣe òfin fún ọmọ, fún ìyàwó, fún ọmọ iṣẹ́. Ọlọ́run ń bi ọ́ pé, ìwọ ńkọ́?

Èéfín ẹ̀ṣẹ̀ kì í pariwo. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ a kọ́kọ́ máa ṣeré. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ikọ́ yóò dákẹ́, tí ilẹ̀kùn ìkẹyìn yóò sì tì, kò sì sí káfíńtà tí yóò gbé àáké wá. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ. Jésù ti fi tirẹ̀ lélẹ̀ nítorí rẹ. Má sọ pé ọ̀la. Má sọ pé nígbà tí mo bá tún ara mi ṣe. Níbi tí o jókòó sí yìí, lónìí, sọ fún un pé, "Mo ti tì, mi ò lè ṣí ara mi, gbà mí." Kò ní pa ìpè rẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ọsibítù dé, Kòṣeéṣí pe ìyàwó, ọmọ àti káfíńtà jọ fún àdúrà ìdílé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ilé náà. Wọ́n kúnlẹ̀ yí àga ká. Kòṣeéṣí bẹ̀rẹ̀. Ó gbàdúrà, ó làágùn, ó fi ọwọ́ lu àga, kò fẹ́ dákẹ́. "Olúwa, kọ́ mi bí n ó ṣe máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀! Fún mi ní ẹnu! Fún mi ní etí! La ọ̀nà fún mi kí n lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, níbikíbi tó bá wà!" Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún. Káfíńtà ń ṣe Àmín, àwọn aládùúgbò tí wọ́n dúró lójú fèrèsé náà ń ṣe Àmín.

Ọ̀kẹ́rẹ́ la ojú kan.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà."